Bá a ṣe ń wá olú nígbó Ifẹ̀ àti Iléṣà, láti òjò àkọ́rọ̀ títí dé ìgbà ọyẹ́

Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, irú èyí tó ń lu páànù kíkankíkan tí kò jẹ́ kéèyàn sùn yẹn, tí oòrùn wá yọ láàárọ̀, ara mi kì í gbà á láti jókòó sílé mọ́. Mo ti mọ̀ pé olú ti ń yọrí níbì kan, tí mi ò bá sì tètè dé ibẹ̀, ẹlòmíì á ti tu ú lọ, tàbí kí ìdin ti wọ̀ ọ́ kó tó di ọ̀túnla. Àwọn tá a jọ ń gbé ládùúgbò máa ń sọ pé ojú mi mọ́lẹ̀ ju tiwọn lọ. Ilé olú ni mo mọ̀ o. Olú kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń gbé, ó sì ní ìgbà tó máa ń jáde níbẹ̀, ẹni tó bá ti mọ ilé tó sì mọ ìgbà kò ní máa já ewé kiri inú igbó lásán.

Abúlé kan tó wọnú díẹ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Òndó ni wọ́n ti tọ́ mi, ìyá mi àgbà ló sì kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn sì ti wà ní Èkó àti òkè òkun, àwọn tó kù nílé wá ń ya fọ́tò olú, wọ́n á ní kí fóònù sọ fún àwọn bóyá ó ṣe é jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Fọ́tò ò ní òórùn, kò sì lè fi ohun tó wà nínú ilẹ̀ hàn yín, inú ilẹ̀ yẹn gan-an ló sì máa ń sọ bóyá olú á dùn lọ́bẹ̀ tàbí á pa èèyàn.

Kí ẹ tó wọ igbó rárá

Olú kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́. Tó bá gbà yín lódindi ọdún kan, kò burú. Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni olú ọ̀gán, ìyẹn èyí tó ń hù lára òkìtì ikán, torí pé ilé ẹ̀ hàn kedere, ara ẹ̀ náà sì ní àmì tó pọ̀.

Ọjà lẹ ti máa kọ́ ọ. Tó bá ti di ìgbà òjò, ẹ lọ sọ́jà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, tàbí kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì láàárín Ifẹ̀ sí Òndó tàbí Ifẹ̀ sí Òṣú, ẹ máa rí àwọn ìyá tó to olú sórí ewé kókò. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ rajà lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó bi wọ́n ní nǹkan kan, lẹ́yìn náà ẹ ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lèyí ti hù, kí lẹ sì ń pè é?" Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín wá èyí tí wọn ò tíì gé ìdí ẹ̀ kúrò. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ là á sí méjì, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ wo abẹ́ fìlà ẹ̀, ẹ fọwọ́ pa ara ẹ̀, ẹ ṣe báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n kí ojú yín tó mọ̀ ọ́n. Tí màmá yẹn bá sì fẹ́ràn yín, ó lè ní kẹ́ ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ jọ lọ lọ́jọ́ kan, ẹ má kọ̀ o, ọjọ́ kan lẹ́yìn àgbà nínú igbó ju ọgọ́rùn-ún fídíò lọ.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ kó yín sí ìṣòro. Orúkọ tí wọ́n ń pe olú kan ní Ifẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti Iléṣà, abúlé kan sí abúlé kejì náà sì tún lè yàtọ̀, mo ti rí ibi tí èèyàn méjì ti ń jiyàn lórí orúkọ olú tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ara olú ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà nípa olú ọ̀gán lórí Google, Termitomyces ni kó tẹ̀, ìdílé tí gbogbo olú ikán wà nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń mú dání kò pọ̀. Agbọ̀n tàbí apẹ̀rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè gba inú ẹ̀, torí láílọ́ọ̀nù máa ń mú olú gbóná, á làágùn, kẹ́ ẹ tó délé ó ti bàjẹ́. Ọ̀bẹ kékeré. Bébà tàbí ewé láti fi pín olú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Rénbúùtù àti ọ̀pá gígùn, ẹ má sì fi èyí ṣeré, torí ejò fẹ́ràn ihò ọ̀gán, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá gbá koríko ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ihò kankan. Ẹ sọ fún ará ilé ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Oko tó wà láyìíká wa, ó lólóko. Oko kòkó pàápàá, tó bá ti sún mọ́ ìgbà ìkórè, tí wọ́n bá rí àjèjì pẹ̀lú àpò níbẹ̀, olè ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é. Ẹ lọ kí olóko, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe, tẹ́ ẹ bá ń padà lọ kẹ́ ẹ yà fún un ní díẹ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ rí. Ifẹ̀ náà kún fún igbó òrìṣà, tẹ́ ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta síbì kan, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ti wù kí olú pọ̀ níbẹ̀.

Àkọ́rọ̀ òjò: ìgbà olú ọ̀gán

Lọ́dọ̀ wa, oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ gidi. Òjò àkọ́kọ́ ò tíì mú olú wá, eruku ló wá pa. Ẹ máa ṣọ́ ikán tó hu ìyẹ́, èsúnsún táwọn ọmọdé máa ń gbé abọ́ omi sábẹ́ iná fún lálẹ́. Ẹ wo ibi tó ti ń tú jáde, torí ọ̀gán tí èsúnsún bá jáde nínú ẹ̀, ikán ibẹ̀ wà láàyè, ọ̀gán tí ikán ẹ̀ bá sì wà láàyè nìkan ló lè hu olú.

Ìdí ẹ̀ nìyí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Àwọn ikán yẹn, àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n á jẹ ewé gbígbẹ àti igi, wọ́n á fi ìgbẹ́ wọn mọ nǹkan kan tó dà bí kànrìnkàn sínú ilẹ̀, olú á máa dàgbà lórí ẹ̀, á bá wọn jẹ igi yẹn rọ̀, àwọn náà á wá máa jẹ ẹ́. Olú tá a ń rí lókè yìí, láti orí kànrìnkàn yẹn ló ti ń gùn bọ̀. Ìyẹn náà ló fà á tí èèyàn ò fi lè gbìn ín sílé bí wọ́n ṣe ń gbin àwọn olú kan sínú àpò, ikán nìkan ló mọ ọ̀nà ẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ọ̀gán wà láàyè, ẹ wò ó lẹ́yìn òjò bóyá iyẹ̀pẹ̀ tuntun tó dúdú wà lára ẹ̀. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi ọ̀bẹ ha ibi kékeré kan bí ìbú ìka, ẹ dúró díẹ̀, tí ikán bá jáde wá dí i, ó wà láàyè. Ẹ má wó o o. Ẹ má walẹ̀ ìdí ẹ̀. Mo mọ ọ̀gán kan tó ń hu olú lọ́dọọdún láti kékeré mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọkọ́ tì í torí ó rò pé olú púpọ̀ sí i wà nísàlẹ̀, ikán kó lọ, olú náà tán, koríko ló kù níbẹ̀ báyìí.

Tí òjò ńlá bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ilẹ̀ mu dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀gán po láàárọ̀ kùtù. Ẹ má wo orí ẹ̀ nìkan, ẹ wo ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀ tó yí i ká bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, àwọn ikán mìíràn tiẹ̀ wà tí kì í mọ òkìtì rárá, abẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń gbé, olú wọn á kàn yọ láàárín oko ẹ̀gẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan ló dà á síbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ilẹ̀ tó sán bí orí búrẹ́dì, tí orí ṣóńṣó kan sì ń yọ nínú ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tu ú: ẹ fi ìka méjì di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fà á sókè pẹ̀lú sùúrù. Gbòǹgbò kan máa ń bá a wá, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀, nígbà míì ó gùn ju apá yín lọ, kò ní jáde tán, á já níbì kan, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ rí gbòǹgbò yẹn kí ọkàn yín tó balẹ̀. Ẹ fi àwọn tó ti ṣí tẹ́ńpẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti gbó, wọ́n ti ní ìdin, ẹ má tu gbogbo ẹ̀ tán, àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Àárín òjò

Láti oṣù karùn-ún dé oṣù keje ni olú máa ń pọ̀ jù nínú igbó, kì í ṣe ti ọ̀gán nìkan mọ́.

Ẹ máa rí àwọn olú wẹ́wẹ́ funfun, fìlà wọn ò ju èékánná lọ, wọ́n á tú sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ní ọgọ́rùn-ún bí ẹni tó da ìrẹsì nù. Olú ikán lèyí náà, àwọn kan ń pè é ní olú-ọ̀ràn. Ikán ló kó àjẹkù kànrìnkàn yẹn jáde síta, olú wá hù lára ẹ̀. Ṣíṣa ẹ̀ ń gba sùúrù, fífọ̀ ẹ̀ tún gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ṣe ẹ̀fọ́, ẹ ò ní bèèrè ẹran. Kìkì pé àwọn olú wẹ́wẹ́ funfun tó lóró náà wà, nítorí náà ẹni tí kò bá tíì bá àgbà ṣa èyí rí, kó fi sílẹ̀ ná.

Igi tó ti wó náà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Lára igi jíjẹrà lẹ ti máa rí olú tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ adìyẹ, ó kéré, ó dà bí abẹ̀bẹ̀ ọmọdé, irun funfun bíi eérú wà lókè ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ pín bí ìka. Ó le lẹ́nu, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ lórí iná ó máa ń ṣe ọbẹ̀ lóore. Èyí tó dà bí etí èèyàn, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, òun náà ṣe é jẹ, àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn irú ẹ̀ gan-an.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù ni ìdí ẹkù epo. Níbi tí wọ́n ń da ìhá àti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọn ẹyìn ara ẹ̀ tán sí, tí òjò bá ń rọ̀ tí oòrùn sì ń mú, olú ọ̀pẹ máa ń hù níbẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ rí bí ẹyin adìyẹ kékeré, ẹyin yẹn á wá bẹ́, olú á jáde, àpò tó bẹ́ yẹn á sì kù sídìí ẹ̀ bí ife. Olú gidi ni, ó dùn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn olú tó burú jù lọ láyé náà ń jáde látinú ẹyin, àwọn náà ní ife nídìí. Àwọn èèyàn kan tó ṣí láti Éṣíà lọ sí Amẹ́ríkà ti kú báyìí, wọ́n rí olú kan nígbó ibẹ̀, wọ́n ní olú tá à ń jẹ nílé rèé, wọ́n sè é. Ìyàtọ̀ ẹ̀ nìyí: olú ọ̀pẹ kì í ní òrùka lọ́rùn, awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ fìlà ẹ̀ máa ń di píǹkì tó bá dàgbà, orí ìhá àti pàǹtí ọ̀pẹ ló sì ti ń hù. Èyí tó burú, awẹ́ ẹ̀ funfun ó sì máa ń wà ní funfun, ó sábà máa ń ní òrùka lọ́rùn, inú ilẹ̀ ló sì ti ń hù. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí nínú igbó tó ní ife nídìí tí awẹ́ ẹ̀ sì funfun, ẹ má fi ẹnu kàn án.

Oṣù kẹjọ, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, èmi máa ń fi ìgbà yẹn sinmi.

Àrọ̀kúrò òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn

Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, òjò tún padà, olú ọ̀gán tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i lóṣù kẹrin. Lásìkò yìí ni oko kòkó ń kún fún ewé tó ti jábọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, olú pọ̀ níbẹ̀ àmọ́ màá sọ̀rọ̀ lórí oògùn kòkó láìpẹ́.

Tí ọyẹ́ bá ti dé, olú tútù ti lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ adìyẹ lè ṣì wà lára igi, ó máa ń gbẹ kó tún jí tí omi bá kàn án. Ohun tí èmi máa ń wá lẹ́ẹ̀rùn ni ohu. Ohu jẹ́ kókó kan tó wà nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi jíjẹrà, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú bí iṣu tí iná ti rà, inú ẹ̀ funfun gbòò, àwọn kan máa ń tó orí ọmọ ọwọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí olú ńlá kan lórí igi lásìkò òjò, tí fìlà ẹ̀ rì sínú láàárín bí abọ́, ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ padà wá hú ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n máa ń bó èèpo ẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi sínú ọbẹ̀ bí ẹ̀gúsí. Tẹ́ ẹ bá sì gé apá kan lára ẹ̀, tẹ́ ẹ ri í mọ́ inú iyanrìn tútù nínú bókẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ ń wọ́n omi sí i tẹ́ ẹ sì gbé e síbi òjìji, á hù fún yín nílé. Èyí nìkan ni mo mọ̀ tó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ìkòkò

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún un ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo wí, torí olú burúkú kan ṣoṣo nínú agbọ̀n lè kó odindi ìdílé sí wàhálà. Olú ọ̀gán gbọ́dọ̀ ní orí ṣóńṣó tó le láàárín fìlà, gbòǹgbò tó lọ sínú ilé ikán, awẹ́ tó funfun tó sì ń lọ sí píǹkì, kò sì gbọdọ̀ ní ife nídìí. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ pé. Mẹ́ta ò tó.

Ẹ fi bébà dán an wò. Ẹ gé ẹsẹ̀ olú kan kúrò, ẹ da fìlà ẹ̀ dé orí bébà funfun, ẹ fi gíláàsì bò ó mọ́lẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́búlẹ́bú kan á ti jábọ́ sórí bébà yẹn, èyí ni hóró ẹ̀. Ti olú ọ̀gán àti olú ọ̀pẹ máa ń jẹ́ píǹkì. Tó bá funfun, ẹ dà á nù. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ dà á nù kíákíá. Àmọ́ píǹkì nìkan kò tó láti fi jẹ ẹ́, torí àwọn olú kan tó ń fa àìsàn náà ní lẹ́búlẹ́bú píǹkì, ẹ fi kún àwọn àmì tó kù ni.

Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé yẹn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa torí ó wà láàárín ìlú. Pápá tí wọ́n ń gé koríko ẹ̀, ọgbà ilé ìwé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló ti ń hù lẹ́yìn òjò, ó tóbi, ó funfun, ó ní ìpẹ́ rẹ́súrẹ́sú lórí, òrùka wà lọ́rùn ẹ̀, ó sì rẹwà lójú gan-an. Tó bá wà lọ́mọdé awẹ́ ẹ̀ funfun, tó bá dàgbà tán ni á di àwọ̀ ewé. Ìdílé kan ládùúgbò wa tu ú, wọ́n sè é, kò tó wákàtí méjì gbogbo wọn ti ń bì, àgbà ọmọdé, wọ́n bì mọ́jú. Ọlọ́run yọ wọ́n. Kì í sábà pa àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré tí omi ara ẹ̀ bá gbẹ, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Gbogbo ìdánwò táwọn èèyàn ń sọ kiri, irọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti sin èèyàn. Wọ́n ní tí ìgbín tàbí ìjàpá bá jẹ ẹ́, ó dáa. Inú ìgbín kì í ṣe inú yín. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi àlùbọ́sà tàbí ṣíbí fàdákà sí i, tí kò bá dúdú ó dáa, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní iyọ̀ àti iná á pa oró ẹ̀. Oró tó wà nínú àwọn olú ẹlẹ́yin tó ń pani yẹn, bẹ́ ẹ bá sè é láti àárọ̀ dalẹ́, á ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́ lóòrùn kò ní lọ.

Ibi tí olú dáa ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ò dáa

Olú máa ń fa ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ sára. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ní agbègbè Ìtàgúnmódì àti Ìbòdì àti àwọn ibòmíì, tí ẹ bá ti rí ihò àti omi pupa tó dúró, ẹ má tu olú níbẹ̀. Òjé àti mẹ́kúrì kì í ní adùn, kì í ní òórùn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni wọ́n ń lọ. Ó dùn mí púpọ̀ torí àwọn igbó kan tí ìyá mi àgbà mú mi dé nígbà yẹn, mi ò lè jẹ nǹkan kan tó hù níbẹ̀ mọ́.

Oko kòkó: ìgbà òjò tí olú ń jáde náà ni wọ́n ń fín oògùn sí kòkó kó má baà dúdú, ó sì ń kán sílẹ̀ sórí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ bi olóko léèrè ìgbà tó fín oògùn kẹ́yìn, tó bá jẹ́ lásìkò òjò yìí, ẹ lọ síbòmíì. Ibi tí wọ́n bá fín apakoríko sí náà ńkọ́? Koríko tó pọ́n láìtíì dé ẹ̀ẹ̀rùn ni àmì ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ọlọ́dà àti orí ààtàn, ẹ má dé ibẹ̀.

Sísè

Ẹ gé ìdí tó ní iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹ ha gbòǹgbò, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ díẹ̀ kí kòkòrò jáde, ẹ má rẹ ẹ́ sómi pẹ́. Ẹ má jẹ olú ní tútù rárá, inú èèyàn ò lè lọ̀ ọ́. Èmi máa ń bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá da omi yẹn nù, lẹ́yìn náà màá gbé epo pupa kaná, ata rodo, àlùbọ́sà, irú, ẹja yíyan, tí ata bá ti jinná màá ya olú sí i tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ, títí á fi rọ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà á ní iyán ló yẹ ẹ́, mi ò bá wọn jiyàn. Tẹ́ ẹ bá fi sínú ẹ̀gúsí, ẹ dín ẹja kù, kó má baà bo adùn olú mọ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ irú olú kan, bó ti wù kí ó dá yín lójú, ṣíbí méjì péré ni kẹ́ ẹ jẹ, kẹ́ ẹ wá dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má po oríṣi méjì pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fún ọmọdé, aboyún tàbí arúgbó. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú olú kan ní tútù sínú fíríìjì láìsè é, torí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ni dókítà máa fẹ́ rí.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Tí ẹnikẹ́ni bá jẹ olú tó wá ń bì tàbí tí inú ń run ún, ẹ má fún un ní epo mu, ẹ má ṣe àgbo, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú olú tó kù àti ọbẹ̀ náà. Ẹ sọ aago tó jẹ ẹ́ àti aago tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá jẹ nínú ìkòkò yẹn ló gbọ́dọ̀ lọ, títí kan ẹni tí nǹkan kan ò tíì ṣe.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan méjì sábà máa ń tán. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni èyí tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́fà sókè, nígbà míì ó di ọjọ́ kejì, á wá bì, á yàgbẹ́, lẹ́yìn náà ara ẹ̀ á balẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Àwọn ará ilé á máa dúpẹ́ pé ó ti lọ. Kò tíì lọ, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́ lásìkò yẹn. Ẹ má gbé e kúrò ní ọsibítù nítorí pé ó ní ara òun ti yá.

Títọ́jú èyí tó ṣẹ́kù

Olú tútù kì í dé ọjọ́ kẹta. Èyí tẹ́ ẹ ò bá lè jẹ, ẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sá a sórí ẹní tàbí asẹ́ nínú oòrùn líle, tí oòrùn ò bá yọ ẹ gbé e sórí ààrò tí èéfín díẹ̀ wà, títí á fi máa kán pẹ́ẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú olú, kílò mẹ́wàá tútù kì í ju bíi kílò kan lọ tó bá gbẹ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé odindi agbọ̀n di ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tí ọmọrí ẹ̀ dé dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú ogún.

Ìwé kan wà tí mo máa ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, ìwé ọmọ ilé ìwé lásán ni. Ọ̀gán wo, ìdí igi wo, ọjọ́ wo, òjò mélòó ló ti rọ̀ kó tó jáde, ta ni olóko. Ọdún kẹta tí mo ti ń kọ ọ́ ni mo tó rí i pé ọ̀gán ẹ̀bá odò tó wà lọ́dọ̀ wa máa ń hu tiẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ti orí òkè, lọ́dọọdún, láìyẹ̀. Tí mo bá ti tu ti orí òkè tán báyìí, mo ti mọ ọjọ́ tí màá gbé agbọ̀n lọ sí ẹ̀bá odò.